Iyùn Tó Ń Mí

Omi ẹ̀rọ Hull le;
ẹfun ilẹ̀ wọn ń bẹ nínú rẹ̀, ó ń há mọ́ ìdí kẹ́tù.
Nítorí náà ni mo ṣe ń sẹ́ ẹ, tó, tó, tó,
lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ tí mo bá ti ilé ìtọ́jú arúgbó dé,
kí n tó da iyọ̀ sí i nínú garawa.
Odò Humber kò jìnnà sí wa. Ó ń lọ sókun,
àwọ̀ rẹ̀ bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí.
Èmi ń po òkun tèmi nínú ilé ìdáná.
Mo kán an sórí awò, mo gbé e sójú iná:
márùndínlógójì.
Kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín.

Ẹni tó bá fẹ́ sin irú nǹkan yìí, kó gbọ́ àṣìṣe mi.
Oṣù kejì, táńkì kò tíì balẹ̀,
iyanrìn ṣì ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún,
mo lọ ra ẹ̀ka olókùúta kan, aláwọ̀ àlùkò,
owó iṣẹ́ òru méjì.
Baba Garforth tó tà á fún mi wò mí lókè gíláàsì rẹ̀.
"Ṣé ó dá ọ lójú?"
Mo ní ó dá mi lójú.
Ọjọ́ kẹsàn-án, ó ń bọ́ awọ láti ìsàlẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàlá, egungun ló kù,
funfun, bí eyín ọmọ tí kò tíì mọ obì.
Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru;
èmi wà á ruru nínú dígí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta.

Baba náà kò fi mí rẹ́rìn-ín.
Ó ti wọ ọkọ̀ apẹja rí, nígbà èwe rẹ̀, dé ibi tí omi ti ń di yìnyín.
"Olú ni kí o fi bẹ̀rẹ̀," ó wí.
Olú? Inú ọbẹ̀ ni mo ti mọ olú.
Ó nawọ́ sí i: pẹlẹbẹ, pupa, ó ní tótòtó búlúù lára,
ó jókòó sórí òkúta bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.
Ìsàlẹ̀ ló fẹ́, níbi tí iná kò ti mú,
tí omi ń rọra kọjá.
Ó fún mi ní ìbọ̀wọ́ kó tó fún mi ní èyí tó dà bíi bọ́tìnnì,
nítorí májèlé ń bẹ nínú ẹwà yẹn.
Eléwé tútù náà wà níbẹ̀, tó ń tàn kálẹ̀ bí òfófó:
"Òkúta tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí o gbé e lé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀
á gba ilé mọ́ ọ lọ́wọ́."

Mo wẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wọlé.
Aràn méjì jábọ́, àti ìgbín kan tí kò tó hóró ìrẹsì.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, olú ò sí ní ìjókòó rẹ̀.
Mo wá a títí, bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ nù.
Ẹ̀yìn pọ́ǹpù ló lọ, nínú òkùnkùn, ó wú, ara rẹ̀ dá ṣáṣá.
Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.
Nígbà tí oṣù fi máa parí, ó ti di méjì.

Morádéyọ̀, ọmọ mi, ló bi mí ní ìbéèrè
tí n kò tíì rí èsì fún.
Iyùn ìyá mi àgbà wà nínú agolo bisikí lókè kọ́bọ́ọ̀dù,
ẹ̀gbà ọrùn kan, ó tutù, ó wúwo.
Ó mú un wá síwájú dígí, ó gbé e ró.
"Dádì, ṣé èyí náà ní ẹnu rí?"

Mo ń bu omi kún táńkì lọ́wọ́.
Omi lásán ni, kì í ṣe oníyọ̀:
omi nìkan ló ń fò lọ, iyọ̀ kì í lọ síbì kankan.
Òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé.
Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti sún àga mọ́ ọn,
iyùn ti wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń fi ìka ka àwọn bọ́tìnnì.
Mẹ́tàlélógún.
Lánàá, ó ní, méjìlélógún ni.