Ìwé Tí N Kò Fọwọ́ Sí

Ní Àlékúwodò, lẹ́yìn ilé-epo tí wọn kò tíì kọ́ tán,
kátápílà gbé eyín bọ ilẹ̀,
ó hú ìdajì ìkòkò dúdú kan jáde, èérú ṣì wà nídìí rẹ̀.
Kàsálì tó ń kó yẹ̀pẹ̀ ló na ọwọ́ méjèèjì sókè
pé kí ẹ̀rọ dúró.
Kò ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Èmi ni mo ní ìwé ẹ̀rí.
Ó wà lára ògiri, nínú férémù tí ìyá mi rà ní Ìgbónà:
òǹtẹ̀ pupa, orúkọ mi, nọ́ńbà mi.
Owó ẹgbẹ́ ọdún yìí, mo ṣì jẹ ẹ́.
Mo búra nínú gbọ̀ngàn kan tí fáànù rẹ̀ ń ké
pé n kò ní ta ohun tí mo bá hú,
n kò ní kọ ohun tí ojú mi kò rí,
n kò ní bo ohun tó rí mọ́lẹ̀.
Ká sòótọ́, ìrẹsì tí wọ́n ń bù lẹ́yìn ni ọkàn mi wà.

Múfútàù dé, tìwé tìwé, bírò létí.
"Àwẹ̀ró, kọ ọ́ síbí pé ilẹ̀ ṣófo.
Ìkòkò fífọ́ ni. Ta ni kò ní i lẹ́yìnkùlé?"
Òun ló san owó ilé-ìwé mi lọ́dún tí bàbá mi kú.
N kò gbàgbé.
Ó mọ̀ pé n kò gbàgbé.

Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò, mo kúnlẹ̀.
Lókè: ọ̀rá, ìdérí ìgò, bátìrì tó ti ru.
Lábẹ́ rẹ̀: amọ̀ pupa, kò sí nǹkan kan.
Lábẹ́ ìyẹn: àpáàdì tí a tò lóròó,
ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, bí àgbàdo lára ṣùkù.
Ilẹ̀ iyàrá ẹnì kan.
Níbi kan ó ti wó rí; ẹnì kan tún un tò.
Àtúnṣe náà wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò mì.
Ta ló wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò?
Ta ni ìbá mọ̀, ká ní ó kàn fi amọ̀ rẹ́ ẹ?

Ẹni dalẹ̀ á bálẹ̀ lọ, ìyá mi a máa wí.
Èmi tí ilẹ̀ wà lórúnkún mi,
ilẹ̀ lábẹ́ èékánná mi,
ọjọ́ náà ni mo tó gbọ́ ọ.

Mo wọ̀n ọ́n. Mo yà á. Mo kọ ọ́ bí mo ti rí i.
Múfútàù jókòó sínú ọkọ̀,
kò pa á, kò sì wà á lọ.

Kàsálì bẹ̀rẹ̀ létí kòtò:
"Àǹtí, ṣé orúkọ tèmi náà yóò wọ ìwé yẹn?"
Mo kọ ọ́ sókè orúkọ mi.

Iléyá ku ọ̀sẹ̀ méjì.
N kò mọ̀ bóyá ẹran yóò ti ilé Múfútàù wá lọ́dún yìí.