Ilẹ̀kùn Kan ní Brandon

Báǹkì ni ilé yìí kó tó di tẹ́ḿpìlì.
Ibi tí àwọn àgbẹ̀ àlìkámà ti ń tọrọ ẹ̀yáwó,
ibẹ̀ náà ni àwọn ará Kẹ́rálà ti ń tọrọ ọmọ.
Wọ́n yọ káńtà, wọ́n gbé òkúta dúdú kalẹ̀,
wọ́n fi òdòdó inú fìríìjì kọ́ ọ lọ́rùn,
nítorí ilẹ̀ Manitoba kì í hu nǹkan kan lóṣù Ṣẹ́rẹ́.

Òtútù ni wọ́n torí ẹ̀ pè mí.
Bọ́tà ti dì gbagidi nínú fìtílà,
agogo ń dún bí ẹni tí ikọ́ ń ṣe.
Mo tẹ̀lé páìpù bí ọdẹ ṣe ń tẹ̀lé ipasẹ̀:
ó gba abẹ́ pẹpẹ, ó gba ẹ̀yìn àwòrán,
ó dé ìdí ilẹ̀kùn irin kan, ó wọlé.

Ilẹ̀kùn yàrá owó ayé àtijọ́.
Wọ́n ti fi símẹ́ǹtì dí ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.
Ẹnìkan fi àtàlẹ̀ pupa ya ejò méjì sí i lára,
ọ̀kan gbórí sókè lọ́tùn-ún, èkejì lósì.

Ìyá Thankamani di apá mi mú,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, súwẹ́tà mẹ́ta lórí sárì.
"Mọ́ne," bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ lédè wọn nìyẹn,
"má fi irin kan ibẹ̀."
Ó ní nílé àwọn, létí òkun,
tẹ́ḿpìlì kan ní irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀.
Ohùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ ohùn náà ti kú.
Bí o bá gbé etí lé e, wọ́n ní òkun lo máa gbọ́,
bí o bá sì fi òòlù ṣí i, òkun á jáde.
"Nígbà tí òkúta wa ń bọ̀ nínú kọ̀ńténà,
ejò kan tẹ̀lé e wá. Inú ibẹ̀ ló wà."

Mo bú sẹ́rìn-ín.
Ejò wo ni yóò yè ní Brandon,
níbi tí omijé ti ń di yìnyín kó tó kan àgbọ̀n?
Ṣé ejò náà gba físà ni?
Vasudevan, àwòrò wọn, bá mi rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n kò kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn náà lẹ́ẹ̀kan.

Kí n lu ògiri ló yá jù.
Ihò kan, wákàtí kan, owó dé.
Mo gbé dírílì. Mo sì gbé etí lé irin náà,
ẹ má bi mí pé kí ló dé.
Kì í ṣe òkun ni mo gbọ́.
Nǹkan kan ń sinmi níbẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.
Mo dá dírílì padà sápò.
Mo gba òkè àjà, mo fi páìpù tuntun yí yàrá náà ká,
mítà mọ́kànlá, ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà,
mi ò kọ ìkankan sínú ìwé owó.
Ìyá ti àgbọn kan bọ inú báàgì mi.
"Kì í ṣe pé ẹ̀rù bà ọ́," ó ní,
"ilẹ̀ tó ní ilẹ̀kùn ni ìwọ náà ti wá."
Ìgbà tí mo wọ bàtà tán, bọ́tà ti ń yọ́.

Lọ́dún kejì, lóṣù Èrèlé,
wọ́n ní kí n wá yẹ òrùlé wò.
Òjò dídì mù mí dé orúnkún,
ó funfun, ó tẹ́ rẹrẹ,
àfi òkè yàrá owó yẹn.
Ibẹ̀ ti yọ́,
kì í ṣe bí ibi tí ooru ti jò;
ìlà kan ṣoṣo ni, tóóró, tó ká ara rẹ̀ jọ
lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tó fi orí sí àárín.

Ẹjọ́ ejò, èmi kọ́ ni n ó dá a.
Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí páìpù mi gbà.
Ọwọ́ mi yìí ni mo fi tẹ́ ẹ.
Kò débẹ̀.