Kọ́kọ́rọ́ Nínú Àpò Mi

Èmi kì í ta ọkọ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ wí bẹ́ẹ̀.
Èmi ni mo ń fọ̀ ọ́, tí mo ń fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò nídìí rẹ̀
ní ilé ìtajà Darrell, létí òpópónà tó jáde ní Minot,
níbi tí afẹ́fẹ́ Dakota ti ń gé etí bí abẹ.

Ọjọ́bọ ni Marlys Engebretson wọlé,
ìyá tó se oúnjẹ ọmọ ilé-ìwé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n,
tó wa Buick aláwọ̀ ewé tí Orville ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀.
Ìwé ìpolówó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin:
"Ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, ẹ̀báà wọ́ ọ wá,
ẹgbẹ̀rún márùn-ún dọ́là la ó fi gbà á lọ́wọ́ yín."
Lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kéré ju ẹsẹ̀ èèrà lọ.
Ta ní ń mú awò dání nítorí ẹsẹ̀ èèrà?

Darrell rẹ́rìn-ín, ó béèrè Orville,
ó gbọ́ pé ó ti kú, ó ṣí fìlà.
Mo ti rí i tó ṣí fìlà yẹn fún òkú mẹ́tàlá lọ́dún yìí.
"Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́, Mà, ká lè yẹ ọkọ̀ yín wò."
Ó gba ẹ̀yìnkùlé yọ, ó bá mi níbi tí mo ti ń nu táyà,
ó jù ú sí mi. "Tọ́jú ẹ̀. Má jẹ́ kí n rí ẹ nínú ilé."

Wákàtí mẹ́ta.
Mo fọ ọkọ̀ méje, kọ́kọ́rọ́ ń gún mi nítan.
Nígbàkúùgbà tí mo bá yọjú wo fèrèsé, ó ṣì jókòó,
ife kọfí tó ti tutù wà níwájú rẹ̀,
Darrell sì ti lọ "bá ọ̀gá sọ ọ́" lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Kò sí ọ̀gá lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn o.
Àga kan ló wà níbẹ̀, àti páálí bisikíìtì.
Á jókòó, á jẹ méjì, á wo aago,
á wá fi ojú ẹni tó ti jà dé ojú ikú jáde.

Bí èkúté ṣe ń jẹ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tó sùn ni:
ó bù, ó fẹ́ ẹ; ó bù, ó fẹ́ ẹ.
Ìyá ní, "Èló ni gbogbo ẹ̀ lápapọ̀?"
Ó ní, "Èló lẹ lè san lóṣù?"
Ìyá tún béèrè. Ó tún ní, lóṣù.
Lóòótọ́, ó fún un ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí Buick,
ó sì ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́fà àbọ̀ lé orí ọkọ̀ tuntun,
owó ìwé lọ́tọ̀,
owó ìpara tí kò ní jẹ́ kí iyọ̀ ojú títì jẹ irin lọ́tọ̀.
Ìpara wo? Èmi ni mo ń fọ̀ wọ́n.
Omi àti ọṣẹ ni mo mọ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó ní òun fẹ́ máa lọlé,
kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ òun.
Darrell gbé apá sókè: "A ṣì ń wá a, Mà.
Àwọn ọmọ yìí, ẹ ò mọ̀ wọ́n."
Èmi ni ọmọ yìí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì.
Yìnyín ń bọ́. Ilé rẹ̀ jìnnà, lọ́nà Velva.
Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, àkísà lọ́wọ́.
Mo gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, mo fà á padà.
Owó ilé mi ku ọjọ́ mẹ́rin.

Ó fọwọ́ sí i.
Ọdún méje, oṣooṣù.

Wọ́n ní kí n fọ inú Buick.
Mo bá ìbọ̀wọ́ ọkùnrin kan lábẹ́ àga, ẹyọ kan ṣoṣo,
àti ìwé kékeré tó ń kọ ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì sí,
ọwọ́ kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, títí ó fi ń gbọ̀n.
Lọ́jọ́ Ajé wọ́n lẹ iye mọ́ gíláàsì rẹ̀:
ó ku díẹ̀ kó pé ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án.

Àpò tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́jọ́ náà
ni mo fi ìbọ̀wọ́ yẹn sí.
N kò tíì gbé e dé Velva.
Mo mọ ọ̀nà.