Ètè Ni Wọ́n Ń Kà

Ẹ má wo kápẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí.
Ẹ gbójú sókè: orí áńgẹ́lì mẹ́ta ṣì kù lájà.
Ìkẹrin já lulẹ̀ lọ́dún tí ogun parí;
kò pa ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ Ajé ni, ìjókòó ṣófo.

Ní Dọndíì yìí, nílé iṣẹ́ àpò ìdọ̀họ,
ni etí Éfì Gọ́lè, ìyá ìyá mi, kú sí.
Ọmọ ọdún méjìlá, igba ẹ̀rọ ń han lé e lórí.
Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́:
ètè ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà.

Lálẹ́ Sátidé, bí aláwàdà bá la ẹnu,
òkè lọ́hùn-ún, níbi ìjókòó kọ́bọ̀,
á ti bú sẹ́rìn-ín kí ariwo tó rọlẹ̀.
Àwọn olówó ìsàlẹ̀ á máa wẹ̀yìn.
Bí akọrin bá sì ṣépè wúyẹ́wúyẹ́ fún onídùùrù,
Éfì ti gbọ́.

Sinimá aláìfọhùn dé, ó tún dùn sí i:
ìyàwó ń sunkún lójú aṣọ funfun,
lẹ́tà ìsàlẹ̀ ní, "Olólùfẹ́ mi, má lọ,"
ètè rẹ̀ ní, "Bàtà yìí mà fún o, ẹ̀yin òpònú."
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Lẹ́yìn náà, àwòrán kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ.
Lẹ́yìn náà, tẹ́tẹ́ bíńgò. Iná kan. Òjò.

Ọmọ tó ń tajà bi mí léèrè ohun tí mò ń wò lókè.
Mo la ètè, n ò gbé ohùn síta,
mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.
Ó ní, "Mà? Mítà mélòó?"