Kámírì Aláwọ̀ Eérú

Kùtùkùtù ni mo dé Mọ́bàlùfọ̀n,
kí Alájì tó tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dè mí.
Ẹ́ńjìnnì gbígbóná kì í sòótọ́.
Èyí tó sùn mọ́jú, tí a jí lójijì,
ìyẹn ló ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí.

Alájì Bádírù ń bá Onàdípẹ̀ mẹkáníìkì sọ̀rọ̀,
kò bá mi sọ̀rọ̀.
"Kí Màdáàmù jókòó sídìí fáànù."
Mo ní ó ṣeun.
Agbẹ̀bí ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọdún kejìdínlógún rèé.
Mo ti fi etí lé ikùn tí n kò lè kà mọ́.
Mo mọ ọkàn tó ń lọ déédéé,
mo mọ èyí tó ń kọsẹ̀.

Mo dẹtí sí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Kò kọsẹ̀.
Mo fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, mo nù ún mọ́ áńkáṣíìfù:
ó pọ́n bí oyin, kò funfun bí omi ògì.
Onàdípẹ̀ rá wọ abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta,
ohùn rẹ̀ ń ti ilẹ̀ wá:
"Búṣì ọ̀tún ti lọ, ẹ̀gbọ́n."
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ní kò mọ omíyalé rí.
Mo ká kápẹ́ẹ̀tì abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn.
Kò dípẹtà, kò lẹ́rẹ̀.
Ìlẹ̀kẹ̀ irun ọmọdé kan ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé,
ti ọmọ òkè òkun kan tí n kò ní mọ̀ láéláé.
Mo fi sápò.
N kò kọ ìyẹn sílẹ̀.

Kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń yíjú wò.
Bó bá kọjá ní Ìta-Òṣù,
ẹni tó ń jẹ gúgúrú kò ní dáwọ́ dúró.
Ó dà bí ọkọ tí kò mọ̀rọ̀ dídùn sọ
àmọ́ tó ń sanwó iléèwé lásìkò.
Àkọ́ọ̀dù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ajigbèsè;
iná mẹ́ta ń tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀.
Alájì ní ẹ̀ṣọ́ ni.

Ó wá ku ìjókòó,
níbi tí a ti ń mọ ọkọ̀ ìdílé yàtọ̀ sí ọkọ̀ ojú pátákó.
Mo kó wọn wọlé:
Tánwá elẹ́sẹ̀ gígùn,
Fẹ́hìntọlá tí í bì ní gbogbo kọ́nà,
àti ìyá mi, tòun ti orúnkún rẹ̀ tó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.
Búùtù gba àpò gàárì méjì, ó gba kúlà,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba kẹ̀kẹ́ Tánwá.

Mo fi Onàdípẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ Alájì,
mo kọrí sí Òrù.
Jíà kejì bọ́ sí ìkẹta jẹ́jẹ́,
bí ìgbà tí mo bá ń yí ọmọ nínú oyún.
Ẹ́síì fẹ́ bí ọyẹ́, ó dé orí òkè, ó rẹ̀ ẹ́.
Kòtò kọ̀ọ̀kan, búṣì a dáhùn: kò-kò-kò.
Mo ń ṣírò epo bí mo ti ń wà á:
owó tí mò ń fi wọ ọkọ̀ èrò lọ́sẹ̀
lè gbé mi lọ gbé mi bọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.
Ọjọ́ karùn-ún, ó di ọwọ́ Ọlọ́run.

Fẹ́hìntọlá kò bì.
Mo wo díńgí.
Ìyá mi, tí kì í sùn nínú ọkọ̀
láti ọjọ́ tí lọ́rì kókó dà wọ́n sílẹ̀ lọ́nà Ẹpẹ́,
ti na ẹsẹ̀, ó ti gbórí lé wíńdò,
ó ń hanrun.

A padà dé Mọ́bàlùfọ̀n. Mo fajú ro.
Mo sọ ti búṣì, mo sọ ti ẹ́síì,
mo sọ ti táyà ẹ̀yìn tó ti pá bí orí àgbà.
Alájì búra. Mo dá iye tèmi, mo dákẹ́.
Onàdípẹ̀ nawọ́ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fẹ́ jí Ìyá.
Mo fi ojú dá a lẹ́kun:
gíláàsì yẹn dúdú,
Alájì kò tíì rí i.