Asẹ́ Tí Walter Kò Rà

Ọwọ́ ọmọ Walter Hrycenko ni mo ti rà á, ní Brandon,
nínú yàrá abẹ́ ilé tí òórùn kẹrosíìnì àti bébà àtijọ́ kún.
Ó wúwo bí àgbò Iléyá. Àwa méjì la gbé e sọdá yìnyín,
ìdí ọkọ̀ mi sì rọlẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn òkú.

Ẹ̀rọ tó ń wo ìgbì tí ojú kò rí:
ojú aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì mẹ́rin tó ti pá lórí,
ó ju àbúrò mi lọ lọ́jọ́ orí.
Ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, ti àkísà ni kò lè ní,
àkísà ẹ̀rọ yìí sì pọ̀:
wáyà tí Walter fi téèpù dúdú dì,
ọjọ́ tó tún un ṣe, tó fi pẹ́ńsù kọ sí ìdí rẹ̀.
Ṣùgbọ́n lẹ́yìn, níbi tó yẹ kí asẹ́ wà,
irin pẹlẹbẹ ló bo ihò, bí èrìgì tí eyín rẹ̀ ti ká.
Ó wọ́n nígbà náà, ni ọmọ rẹ̀ wí. Bàbá ń rò ó títí.

Ẹ̀rọ tí kò ní asẹ́ kì í mọ ariwo yàtọ̀ síra.
Ẹni tó sín lẹ́ẹ̀kan lóru
àti ẹni tó ń gúnyán mọ́jú,
gíga kan náà ló ń fún wọn.
Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Òfin ní
ẹ ka iye ìgbà tó ń da aládùúgbò láàmú,
ẹ wọn ìbínú ẹni tó ń gbọ́ rédíò.

Elias Waldner gbé àpótí kan wá láti abúlé wọn,
èyí tó ń darí iná inú ilé òròmọdìẹ.
Mo tàn án. Ẹ̀gún hù lójú ẹ̀rọ,
wọ́n ga kọjá ìlà tí mo fi máákà fà sórí gíláàsì.
“Ṣé ó burú?” Mo ní n ò tíì mọ̀.
Owó tí wọ́n ń gbà ní Winnipeg fún ọjọ́ kan,
òròmọdìẹ mélòó ni?

Ọkùnrin kan ní Kamloops ní asẹ́ náà nínú páálí.
Kò búra pé ó ń ṣiṣẹ́.
Òru mẹ́ta ni mo fi yọ́ òjé.
Òtútù ti gbẹ afẹ́fẹ́ débi pé kápẹ́ẹ̀tì ń ta iná sí mi lára;
páìpù omi ni mo ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn
kí n tó kan ẹ̀rọ, bí ẹni tó ń kí onílé kó tó wọlé.

Lóru kẹrin, ó sẹ́. Kò yára,
asẹ́ kì í kánjú.
Ẹ̀gún Elias wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: sísín lásán ni wọ́n.
Ẹyọ kan ló kù tí kò mì.
Mo pa àpótí náà. Ó ṣì wà.
Mo yọ wáyà rẹ̀. Ó wà síbẹ̀.

Ṣájà fóònù mi ni,
olówó dọ́là mẹ́ta, tí kì í kúrò lára ògiri
nítorí ìyá mi ní Ìkìrun máa ń pè bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́dọ̀ wọn.
Mo fà á yọ. Ìlà náà tẹ́ bí omi inú àwo.

Mo kọ̀wé sí Elias: máa gbé e lọ, ọjọ́ kan péré ni.
Ọ̀sán ni mo tó rántí fóònù tó ti kú.
Nígbà tó jí, ó ní ìpè méje,
ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá síra wọn.
Walter, wá fi asẹ́ tí o kò rà wo eléyìí:
kì í ṣe bó ti ga tó.
Bó ti ń padà wá ni.