Kẹ̀kẹ́ Tìrẹ Dà?

Aṣọ ìbùsùn funfun ni Jọláadé ta mọ́ ògiri
nínú yàrá rẹ̀ ní Ìsọkùn, n'Iléṣà.
Jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé.
Àwa mẹ́fà la jókòó wo fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́;
ẹnìkan ń jẹ ẹ̀pà, kò pẹ́ tó fi gbàgbé ẹ̀pà.

Obìnrin kan ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná rẹ̀:
ilé ìdáná onílé mìíràn ló bá.
Ó pa á dé, ó tún un ṣí:
àga ilé-ìwé, ẹyọ kan, nínú òjò.
N kò mọ ibi tí a wà. Inú mi dùn pé n kò mọ̀,
torí ọwọ́ obìnrin náà ń gbọ̀n lára ilẹ̀kùn;
ó sọnù, mo sọnù pẹ̀lú rẹ̀,
a dira wa mú bí ọmọ méjì
tí kùrukùru ọyẹ́ ká mọ́ ọ̀nà Òkè Ìmọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin onífìlà pupa yọjú.
Ó wọlé. Ó jáde. Ó gun àjà.
Aago ń rìn sẹ́yìn. Ewúrẹ́ kan pe orúkọ ẹnìkan.
Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà tún rántí ẹ̀pà rẹ̀.

Mo bi Jọláadé: "Ta ni onífìlà yẹn?"
Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rì owó mọ́lẹ̀.
"Olùwòran ni kó wá a rí."
"Ìwọ ńkọ́, ṣé o mọ̀ ọ́n?"
Ó tẹjú mọ́ wáyà.
Ó ní òun náà ò mọ̀.

Ìyá mi ń gbé ní Ìjọ̀ka. Iyè rẹ̀ ti ń já bí òwú gbígbó.
Lálaalẹ́, àní láàárín àdúrà, á bi mí:
"Kẹ̀kẹ́ bàbá yín dà?"
Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó gbọ́:
bàbá ta kẹ̀kẹ́ náà lọ́dún tí mo dùbúlẹ̀ ní Wẹ́sílì,
tí wọ́n fa àpò ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta sí mi lára.
Ọ̀rọ̀ ìyá mi rí wúruwùru,
ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ wà nídìí rẹ̀,
ipa táyà ṣì wà nílẹ̀.

Jọláadé, dì mí lójú, yí mi po, mo gbà.
Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ tìrẹ dà?

Ó ní òun á gé onífìlà dànù.
Mo ní kó má tíì gé e,
kó kọ́kọ́ bi í léèrè ilé tó ti wá.

Mo délé, iná ti lọ.
Ìyá mi fi orúkọ kan pè mí tí n kò gbọ́ rí.
Mo dúró díẹ̀ nínú òkùnkùn.
Mo dáhùn.